Fíìmù àgbà ò ní ká dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó ní ká wo òun dáadáa

Méjì ni ohun tí àwa ọ̀dọ́ máa ń sọ nípa fíìmù Yorùbá àtijọ́. Àwọn kan á ní, "Fíìmù nìyẹn o, ariwo lásán ni wọ́n ń pa báyìí." Àwọn yòókù á máa rẹ́rìn-ín: àwòrán ò mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, babaláwo nawọ́, iná wá yọ bíi ti kátúùnù. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò tíì wo fíìmù náà. Ẹni àkọ́kọ́ ń kí àgbà, ẹnì kejì ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣaworoidẹ. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1999. Ní ìlú Jogbo, ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó sì bá ìlú mulẹ̀. Lápité fẹ́ adé, kò fẹ́ májẹ̀mú, torí owó ló bá débẹ̀. Òun àtàwọn ìjòyè ẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, igbó ń tán lọ, ara ń ni àwọn ará ìlú. Nígbà tó yá, ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Lágátà gbàjọba. Ó gbé adé tí kò tọ́ sí i kárí, wọ́n lu ìlù ṣaworoidẹ, orí fọ́ ọ, ó kú.

Ẹni tí wọ́n bí ní 2003 lè rò pé ìtàn oògùn lásán nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ wò ó mọ̀ pé kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń wò. Oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni Abacha kú. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni àwọn ológun gbéjọba sílẹ̀. Tí ọ̀gá ṣọ́jà bá ti jókòó sórí ìtẹ́ nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé nílé. Ohun tí fíìmù yẹn ń bi wọ́n ni pé, ṣé ẹni tó kọ̀ láti bá wa mulẹ̀ lè ṣèjọba lé wa lórí kó sì tù wá lára? Ẹ wo orílẹ̀-èdè yìí lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ìbéèrè yẹn ti gbó.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 la jọ wò ó láìpẹ́ yìí. Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tó báyìí?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì nídìí. Orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré yẹn ti wá. Ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ ni Lérè Pàímọ́ ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀, ohùn rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sì ni iná, òun náà ni ìbọn. Nígbà tí Adébáyọ̀ Fálétí bá ń pòwe gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pálábá, kò sóhun tó ń fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Ẹjọ́ ìlú ló ń dá. Tó o bá ń fo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kó o lè tètè débi ìjà, fíìmù ọ̀hún gan-an lo fò yẹn.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi àkọ́kọ́ rọrùn: ká má fi ohun tí wọn ò ní lọ́wọ́ dá wọn lẹ́jọ́. Nígbà tí Hubert Ògúǹdé gbé Ayé jáde ní 1979, gbọ̀ngàn tó kún fún èrò ló ṣe é fún, kì í ṣe fóònù tó o gbé dání nínú dáńfó. Ohun tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín lónìí ló ń lé àgbàlagbà sábẹ́ àga nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo fẹ́ ká máa bá àgbà tọrọ àforíjì o. Nínú Ayé yẹn kan náà, Ògúǹdé ṣe Oṣétùúrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ wo ojú àwọn ọ̀tá tó ń bá jà: ojú obìnrin ni. Mo mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń pe ìyá arúgbó tí kò lọ́mọ ní àjẹ́, tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ fẹ tí wọ́n bá rí i. Fíìmù kọ́ ló dá ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀, ó ti wà kí wọ́n tó bí Ògúǹdé. Ohun tí fíìmù ṣe ni pé ó fún un lójú àti ohùn, ó sì gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Èèyàn lè fẹ́ràn fíìmù yẹn kó sì sọ èyí. Kì í ṣe àfojúdi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn ni Ó Le Kú. 1974 ni Ìṣọ̀lá tẹ ìwé ẹ̀ jáde, 1997 ni Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ń fẹ́ Àṣàkẹ́, ó ń fẹ́ Lọlá, ó tún ń fẹ́ Ṣadé. Àwọn ọmọ òde òní á ní, "Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí Yoruba demon ti wà," wọ́n á sì ti fíìmù náà pa. Ẹ̀yin èèyàn mi, pé ìwà burúkú wà nínú fíìmù kò ní kí fíìmù fara mọ́ ọn. Ẹ wò ó dópin. Ìbànújẹ́ ló gbẹ̀yìn gbogbo ẹwà yẹn. Ẹ̀rín àti aṣọ ni ọ̀pọ̀ wa rántí, débi tí wọ́n fi sọ ìró àti bùbá kúkúrú yẹn ní "olekú", àmọ́ ẹjọ́ Àjàní ni Ìṣọ̀lá ń rò fún wa látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá torí pé ọmọ fíìmù àtijọ́ ni fíìmù tá à ń sanwó wò lónìí. Kúnlé Afọláyan tó ṣe Aníkúlápó ní 2022 wà lára àwọn òṣèré Ṣaworoidẹ, ọmọ Adé Love sì ni, ẹni tó wà nínú Àjàní Ògún ní 1976. Ẹni tí kò mọ bàbá ò lè sọ bóyá ọmọ jọ ọ́ tàbí ó ju ú lọ.

Ó sì tún kàn wá torí pé bàbá náà lè sọnù. Nígbà tí Baba Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, wọ́n jí i dà kọ, wọ́n ń tà á ní kásẹ́ẹ̀tì káàkiri, gbèsè sì bo ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tó jáde ní 1976, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé kò sí mọ́, àfìgbà tí wọ́n rí i nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Jos. Jámánì ni wọ́n ti tún un ṣe kó tó ṣeé wò padà. Mélòó nínú fíìmù tiwa ló ń jẹrà báyìí nínú agolo?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Ẹ yan ẹyọ kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe gígé ìṣẹ́jú kan o, odindi ni. Tí ẹni tó ni ín bá gbé e síbi tí wọ́n ti ń sanwó, ẹ sanwó. Ẹ pe ìyá tàbí bàbá yín jókòó tì í, kí wọ́n túmọ̀ ohun tí ìlù ń sọ. Tó bá parí tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ràn ẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ sọ ìdí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó tán ná.