Àkísà Igbó Allagash

Òwe Yorùbá tó sọ pé "bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà" fi ohun kan hàn tí owó kò lè rà, nítorí pé ẹni tó bá rí jájẹ lè ra aṣọ tuntun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta àkísà, àfi kí ènìyàn wọ aṣọ náà títí yóò fi gbó sí i lára. Àkísà, nínú òwe yìí, jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó ni ín ti pẹ́ láyé, ó sì ti ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ pàǹtí tí àwọn agégẹdú àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú àwọn igbó kìjikìji ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Maine, odò Allagash, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ààbò bò ní 1966, ń ṣàn sí ìhà àríwá, bẹ́ẹ̀ sì ni gúúsù ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo igi wà, ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò gẹdú fi gbé ẹ̀rọ wọ inú igbó. Láàrin 1902 sí 1903, wọ́n fi okùn irin ṣe ọ̀nà tí ń wọ́ ìtì igi gba orí ilẹ̀ láti adágún omi Eagle lọ sí ti Chamberlain. Nígbà tó di 1927, Edouard Lacroix, ọmọ Kánádà, ti la ojú irin tó gùn tó máìlì 13 láti adágún Eagle dé Umbazooksus, kí wọ́n lè máa kó igi tí wọ́n fi ń ṣe bébà. Iṣẹ́ náà parí ní 1933, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńláńlá méjì tó ń fa ọkọ̀ ojú irin ṣì wà láàrin igi níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ti dógùn-ún láti òkè délẹ̀.

Ohun kéékèèké náà ń jẹ́rìí. Ní àwọn àgọ́ àtijọ́, agolo oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀kán òjé dí ihò orí rẹ̀ sábà máa ń dàgbà ju èyí tí wọ́n ká etí rẹ̀ pọ̀ láìlo òjé lọ, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni irú kejì yìí tàn kálẹ̀. Awalẹ̀pìtàn, ìyẹn onímọ̀ tó ń fi ohun tí ènìyàn ìṣáájú lò pìtàn, lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n dá iná ní àgọ́ náà, bí agolo náà bá ṣì wà níbi tí wọ́n jù ú sí. Ọ̀pọ̀ agégẹdú kò kọ ìwé kankan sílẹ̀ nípa ara wọn, nítorí náà, ẹni tó bá kó agolo, àáké àti ààrò wọn dànù ti pa ìtàn wọn rẹ́.

Síbẹ̀, òwe náà kò gbàgbé ọmọdé. Ike tí arìnrìn-àjò jù sínú igbó láàárọ̀ yìí kò lè pe ara rẹ̀ ní ohun ìtàn, àní àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ibi ìtàn kì í sábà gba ohun tí kò bá tíì pé 50 ọdún. Bákan náà ni ọjọ́ orí kò gba epo tàbí májèlé tó ń jò sínú omi là. Ohun tó ń pani lára gbọ́dọ̀ kúrò, ohun tí ọdún ti sọ di ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dúró, kí àlejò òde òní sì di pàǹtí tirẹ̀ padà sílé, nítorí pé igbó tí wọ́n bá bọ́ gbogbo àkísà lára rẹ̀ yóò máa parọ́ pé ẹnikẹ́ni kò làágùn níbẹ̀ rí.