Ẹ yéé tọwọ́ bọ functions.php oníbàárà yín

Ó ku ọjọ́ 3 kí a ti ìforúkọsílẹ̀ WAEC nígbà tí wẹ́bùsáìtì ẹgbẹ́ wa kú. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ni wá, ní Ìjerò-Èkìtì. Orí wẹ́bùsáìtì yẹn ni àwọn ọmọ tí a fẹ́ bá sanwó ìdánwò ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Mo ṣí i lálẹ́, gbólóhùn kan péré ni mo bá: pé àṣìṣe ńlá kan wà níbẹ̀. Ó parí.

Kí ló dé? Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún un ṣe láti Aràmọkọ fẹ́ kí nọ́ńbà WhatsApp wa máa hàn nísàlẹ̀ ojúewé. Ìlà 4 ni gbogbo ẹ̀. Ó gba File Manager wọlé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí functions.php, ó gbàgbé semicolon kan. Dátà rẹ̀ tán, ó sùn.

Ó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ wà o. Láti WordPress 5.2 tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2019, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, WordPress máa ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí email alábòójútó kó lè rí ọ̀nà wọlé. Email ta ló wà níbẹ̀? Ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe sáìtì náà, tó ti jápa.

Mi ò bá semicolon jà. Ta ni kì í gbàgbé nǹkan? Ibi tó kó kóòdù sí ló dùn mí. Theme dà bí ilé àyágbé. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí sáìtì ni WordPress ń ka functions.php rẹ̀, torí náà àṣìṣe kékeré ibẹ̀ lè da gbogbo ilé rú. Ká tiẹ̀ ní o ò ṣe àṣìṣe kankan, ọjọ́ tí o bá ṣe update theme, fáìlì tuntun á rọ́pò ti àtijọ́, ohun tí o kọ síbẹ̀ á sì pòórá.

Àwọn plugin bíi Code Snippets àti WPCode wà fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Inú database ni kóòdù rẹ ń gbé, kì í ṣe inú theme. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì rí mọ bó ṣe rí: omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ á mọ èyí tó gbóná. Kóòdù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, tí a fi ń pa á. Bí ó bá sì há, o lè fi ìlà yìí sínú wp-config.php, Code Snippets á dá gbogbo kóòdù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró, kí o lè wọlé lọ tún un ṣe:

define('CODE_SNIPPETS_SAFE_MODE', true);

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní plugin máa ń jẹ́ kí sáìtì falẹ̀. Ìlà 4 ni ìlà 4, ibi yòówù kí o kó o sí. Ẹlòmíì á ní child theme ńkọ́? Ó dáa, update ò ní pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n semicolon tó sọnù nínú functions.php ti child theme náà á ṣì pa sáìtì.

Plugin ò sì ní kí ẹ máa kó ìkókúkòó o. Kóòdù tí ChatGPT kọ fún ẹ, tàbí tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o ò yé, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ sáìtì onísáìtì. Ṣe backup kí o tó fọwọ́ kan nǹkankan. Kọ ohun tí kóòdù ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ẹlòmíì ló ṣeé ṣe kó bá ẹ tún un ṣe lọ́la. Ẹ sì jọ̀wọ́, email oníbàárà ni kó wà nípò alábòójútó. Òun ló ni sáìtì, òun ló sanwó.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí bọ̀ọ̀dá Aràmọkọ tó jí, tó yọ ìlà 4 rẹ̀ kúrò. A ò lé e lọ. A ní kó kó wọn sínú plugin, ó sì ṣe é. Lóṣù tó kọjá tí nọ́ńbà WhatsApp wa yí padà, akọ̀wé wa, tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, wọlé lórí fóònù rẹ̀. Ó pa kóòdù náà, ó fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó tàn án padà. Kò pe ẹnikẹ́ni.