Owó ìfọ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọ̀nà Abigi ṣì jìn

Lóṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fáwọn aláìsàn kíndìnrín ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn nílò rẹ̀: ₦36,000 nìyẹn, láìka owó ọkọ̀ láti Abigi, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹ̀rọ náà kì í sì í wo àìsàn ìtọ̀ ṣúgà tó ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn jẹ́.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Àyẹ̀wò ṣúgà àti ìtọ̀ lásìkò ló yẹ kó kọ́kọ́ dé etí omi.