Kúìtì oṣù kan ni òfin sọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Onílé tí ẹ tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó láti fi lé ẹni tó ń sanwó ilé lóṣooṣù. Rárá o! Òfin Ilé Gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 là á mọ́lẹ̀: bí àdéhùn kò bá sọ iye àkókò, kúìtì oṣù kan ni. Bó bá pé tí ayálégbé kò jáde, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló kàn, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́. Abiyamọ tí wọ́n sọ fún lálẹ́ Sátidé pé kó jáde ní Mọ́ńdè, ibo ni kó gbé ọmọ gbà?

Tonílé tayálégbé ni òfin náà dè. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ yé kó ẹrù lóru. Ẹ kọ ìwé, ẹ fi déètì sí i, kí onílé buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Ayálégbé kan,
Múṣin, Èkó