Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: FÁÌLÌ TÍ KÒ NÍ ÌPARÍ KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ IBODÈ

  

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tírélà tó wà nínú ẹ̀ka wa wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ìwé kan dání, kò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ojú ń tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló yẹ kí ojú tì. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbé e sí ọ̀nà Cotonou, Lomé àti Accra, níbi tí owó ìrìn-àjò ti sàn ju ti ìgboro lọ. Wọ́n ní kí ó lọ gba ìwé-ẹ̀rí ìwà wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó lọ, ó san owó, ó tẹ ìka. Orúkọ ara rẹ̀ ló bá pàdé nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́.

Kí ni ó ṣe? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọlọ́pàá ya wọ gáréèjì kan lóru. Wọ́n kó ẹni tó sùn sínú ọkọ̀, wọ́n kó ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, wọ́n kó ọmọ ọkọ̀ tó ń fọ gíláàsì. Arákùnrin yìí wà láàrin wọn. Ó sun àgọ́ ọlọ́pàá fún oru méjì. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé wọ́n fura sí i pé ó jalè. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Kò dé iwájú adájọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un, kò padà wá kọ ọ́ pé wọ́n ti fi í sílẹ̀.

Èmi àti òun lọ sí àgọ́ náà nígbà mẹ́ta. Wọ́n ti gbé ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n ní òjò ti ba ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí jẹ́. Kí a tó rí ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé fún un, ọ̀nà Accra ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ará, bí àkọsílẹ̀ tó wà nílùú wa, níbi tí a lè fẹsẹ̀ wa rìn dé, bá lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, báwo ni yóò ti rí nígbà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè ìlú òkèèrè, níbi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì gbọ́ èdè wa? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn: fáìlì tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kan ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè mìíràn nípa àwọn arìnrìn-àjò.

A KÒ SỌ PÉ KÍ ỌLỌ́PÀÁ MÁ BÁ ARA WỌN SỌ̀RỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Àwa awakọ̀ ni adigunjalè ń dá lọ́nà. Ọkọ̀ tí a fi ń jẹun ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin àgbà inú wa kò ní gbàgbé ọdún 2003. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè wa pẹ̀lú Benin pa, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ń jà gbà níhìn-ín tí wọ́n sì ń kó sọdá. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè nígbà náà ni Hamani Tidjani, ẹni tó ń gbé Cotonou tí ó sì jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe òwò náà. Ní Mali ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ní gbogbo àkókò tí ibodè wà ní títì, ta ló jìyà? Ẹni tó kó tòmátì tó ń jẹrà ni, àti awakọ̀ tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Sèmè. Bí ọlọ́pàá ìlú méjèèjì bá ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá má dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ó dára kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n jí ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó dára kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi tó sì sá lọ ránṣẹ́. Ohun tí a ń bá jà ni kí wọ́n máa fi ìfura ránṣẹ́ bí ẹni pé ìdájọ́ ni.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÁDÀ

Àwọn kan lè sọ pé ìyà orílẹ̀-èdè tí ìwé rẹ̀ kò tò dáadáa nìyí, pé níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Kánádà, ìlú tó lówó, tó sì ní òfin.

Ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Maher Arar, ọmọ Síríà tó ti di ọmọ Kánádà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ó ń ti ìsinmi bọ̀ láti Túnísíà, ó sì fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní New York. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà mú un níbẹ̀. Ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Kánádà, tí wọ́n ń pè ní RCMP, ti kọ̀wé sí Amẹ́ríkà ṣáájú pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ agbawèrèmẹ́sìn tí a fura sí pé wọ́n bá ẹgbẹ́ al-Qaeda lò pọ̀. Kí ni ẹ̀rí? Wọ́n rí i tó ń bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń ṣọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n kó fáìlì ìwádìí wọn fún Amẹ́ríkà láìfi àlàyé tó yẹ sí i pé báyìí ni kí ẹ lò ó, báyìí ni kí ẹ má ṣe lò ó.

Amẹ́ríkà kò dá a padà sí Kánádà. Síríà ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ó lo nǹkan bí ọdún kan nínú àhámọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ gidigidi. Oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìjọba Kánádà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Dennis O'Connor sì ni olórí rẹ̀. Ní 2006 ó jábọ̀ pé kò sí ẹ̀rí kankan pé ọkùnrin náà dẹ́ṣẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe gan-an pé ìwé tí ọlọ́pàá Kánádà fi ránṣẹ́ ni Amẹ́ríkà gbára lé. Ní 2007, olórí ìjọba, Stephen Harper, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì san mílíọ̀nù mẹ́wàá ààbọ̀ dọ́là Kánádà fún un.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n níbí yìí, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá kí wọ́n tó dá a.

Ti èkejì kò ní ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nínú rárá. Ní 2013, aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá obìnrin ará Kánádà kan padà ní pápákọ̀ òfuurufú Toronto, nítorí àìsàn ọkàn tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà mú kí Ann Cavoukian, ẹni tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Ontario nígbà náà, ṣe ìwádìí. Ohun tó gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tí àwọn ará ilé bá sáré pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá kan ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni aṣọ́bodè Amẹ́ríkà lè yẹ̀ wò. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí ènìyàn ṣe àìsàn jù lọ ti di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin náà Cavoukian gbé ọlọ́pàá Toronto lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 2015, wọ́n ti ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ kúrò lójú aṣọ́bodè.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àánú ló mú wọn yí padà. Ẹnì kan ló béèrè, ẹnì kan ló kọ̀wé, ẹnì kan ló pe ẹjọ́.

Ó TI DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àdéhùn yìí ni awakọ̀ wa ń jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn yìí kan náà sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè kọ̀ láti gba ẹni tí òfin rẹ̀ kò fẹ́. Báwo ni aṣọ́bodè yóò ṣe mọ ẹni tí òfin kò fẹ́? Láti inú fáìlì ni.

Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní WAPIS. European Union ló náwó sí i, Interpol ló darí rẹ̀, ECOWAS sì wà nínú rẹ̀. Ète rẹ̀ ni kí ọlọ́pàá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé, kí wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà, kí orílẹ̀-èdè kan lè béèrè lọ́wọ́ èkejì. Ó dára fún mímú olè. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú ìwé bá jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kọ̀ǹpútà yóò gbé lọ, yóò sì yára ju tírélà wa lọ.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ìkínní, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìparí rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní Nàìjíríà ti sọ pé kí ọlọ́pàá ní ibi kan tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ọ̀daràn jọ sí, kí wọ́n sì rí i pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ dé ibẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá fi ènìyàn sílẹ̀ láìpè é lẹ́jọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ìkejì, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àìsàn kúrò pátápátá. Òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ọ̀daràn.

Ìkẹta, kí olúkúlùkù lè rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá jẹ́ irọ́. Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ará Ìlú tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún àwọn agbófinró ní àyè díẹ̀ nínú ìwádìí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò mú ojúṣe kúrò lọ́rùn wọn pé kí àkọsílẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí ó sì pé. Ní ti Interpol, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń ṣọ́ fáìlì wọn. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ìkẹrin, èyí sì kan ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Nígbà tí a bá tún jókòó lórí ìwé àdéhùn, kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a kò ní gba ọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀, a kò sì ní dá ẹnikẹ́ni dúró, nítorí pé ọlọ́pàá ti mú un rí. Ìdájọ́ kóòtù nìkan ni kí wọ́n máa wò.

OHUN TÍ ÌWỌ ÒṢÌṢẸ́ YÓÒ ṢE

Bí wọ́n bá mú ọ, má fọwọ́ sí ohun tí o kò kà. Bí o kò bá mọ̀wé, ní kí wọ́n kà á sí ọ létí, kí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀, béèrè ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kóòtù bá dá ọ sílẹ̀, gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, kí o tó jáde nínú ọgbà. Má sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lójú ìwọ ló ti tán, kò tíì tán nínú fáìlì. Mú ẹ̀dà kan wá fún wa ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. A ti ní àpótí onírin tí a ó máa tọ́jú wọn sí. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun yóò rìnrìn-àjò, kí ó tètè lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́pàá, kí ó lè mọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Arákùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa fún ọdún púpọ̀, nítorí ó rò pé a ó máa fojú olè wo òun. Ká ní ó ti sọ ọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀, nígbà tí ọ̀gá tó mú un ṣì wà lórí àga, ìwé kan ṣoṣo ni ìbá parí rẹ̀. Títí di òní, ojú ọ̀nà ìgboro ló ṣì wà.

A ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Kí gbogbo awakọ̀ àti gbogbo ará ilé-iṣẹ́ wá, kí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí sì sọ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!