Kí Ni Èèwọ̀ Ẹni Tí Kò Lè Kú?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ eré la gbé wá, torí pé eré ló dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ní Kàdúná nígbà ìsinmi tó kọjá, eré náà ló sì padà parí ìjà ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ irú eré yìí. Kì í ṣe bíi lúdò tí à ń sáré délé. Àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á jẹ́ olùdarí, òun ni yóò máa sọ ìtàn: "Ẹ ti dé etí odò, afárá ti já. Kí lẹ máa ṣe?" Àwọn yòókù á gba ipò akọni inú ìtàn, kálukú á sọ ohun tí akọni tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, wọ́n á ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pa àlọ́, tí àwọn ọmọ ń gberin, tí wọ́n ń dá sí ìtàn, kò ní rí i bí ohun àjèjì. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, òun ló sì sọ irú eré yìí di ohun tí à ń rà nínú páálí.

Àbúrò wa kan ló kó dáìsì àti ìwé òfin wá fún àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọdẹ, wọ́n ṣe jagunjagun, wọ́n ṣe oníṣègùn. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Àkọ́bí wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ní, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣe ẹni tí kò lè kú. Ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo." Èkejì, ọmọ ọdún 11, pàtẹ́wọ́. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 8, pẹ̀lú ọmọkùnrin aládùúgbò wa, náà gbà. Ọ̀kan nínú àwa òbí méjèèjì ló ń darí eré.

A ní, "Ọ̀dá ti mú ìlú kan fún ọdún mẹ́ta. Kí lẹ máa ṣe?"

Èkejì ní, "Mo rọ̀jò." Òjò rọ̀.

A ní, "Ọba ìlú náà ń fi ìyà jẹ aráàlú."

Àkọ́bí ní, "Mo yọ ọ́ lóyè." Ọba lọ.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ìtàn fi tán. Nígbà tí kò sí nǹkan kan mọ́ láti ṣe, àkọ́bí kọjú sí àbíkẹ́yìn, ó ní, "Mo pa tìẹ." Ìyẹn ní, "Ṣebí wọn kì í kú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé, "Agbára tèmi pọ̀ ju tìẹ lọ." Ẹkún sọ, dáìsì fọ́n ká sábẹ́ àga, ọmọ aládùúgbò dìde, ó ní òun ń lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá irú èyí ti ṣe ẹlòmíì rí. Ó ti ṣe wọ́n tipẹ́. Ní 1976, Robert Kuntz àti James Ward kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Gods, Demi-Gods & Heroes, tí wọ́n fi kún Dungeons & Dragons. Ní 1980, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tún jáde, wọ́n pè é ní Deities & Demigods. Ohun tí ìwé wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe ń fún ẹranko inú igbó. Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì àtijọ́, gba iye ẹ̀mí 400. Iye ẹ̀mí yìí ni à ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí idà bá ṣe ń bà á, tó bá di òdo, ó kú nìyẹn. Ẹ ò rí i bí? Ohun tó bá ti ní iye, ọmọdé á jókòó, á ṣe ìṣirò bí òun ṣe máa yọ ọ́ tán. Àkọ́bí wa kọ́ ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀.

Ní 1986, Frank Mentzer gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àpótí òfin tó pè ní Immortals, àwọn ọmọ ènìyàn tó ti gun àkàbà dé ìpele 36, tí í ṣe òpin ohun tí ẹlẹ́ran ara lè dé, ni wọ́n ń di ẹni àìkú. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọ́n á bá ara wọn nísàlẹ̀ àkàbà mìíràn. Kálukú wà lábẹ́ ọ̀kan nínú agbo márùn-ún: ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn, agbára, àkókò, èrò, àti ìdíbàjẹ́. Agbára wọn sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń ná bí owó. Nígbà tí Nobilis kọ́kọ́ jáde ní 1999, wọn ò tilẹ̀ lo dáìsì rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìyanu ńlá ní láti mọ ohun tó máa ná an.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Nínú eré akọni, ìbéèrè tó ń gbé ìtàn lọ ni "Ṣé mo lè ṣe é?" Ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo kò ní ìlò fún ìbéèrè yẹn. Tirẹ̀ ni "Ṣé ó yẹ kí n ṣe é? Ta ló máa jìyà rẹ̀?" Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹ sì wo ìtàn tí wọ́n ń pa fún wa nípa àwọn irúnmọlẹ̀: kò sí èyí tí kò ní ìdè tirẹ̀. Ọbàtálá mu ẹmu, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dàrú, ẹmu sì di èèwọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nínú ìpàdé, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò yọrí, àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Bí a bá yọ èèwọ̀ àti ẹ̀bẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìtàn wo ló kù?

La bá jókòó, a kọ òfin mẹ́rin. A kọ wọ́n síhìn-ín kí ìdílé tó bá fẹ́ lè gbìyànjú wọn.

Èkíní, ẹni àìkú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀, àwọn yòókù ni wọ́n á sì yàn án fún un. Bí ó bá yàn án fúnra rẹ̀, èyí tí kò ní í dùn ún ni yóò mú.

Èkejì, kálukú ní ọmọ ayò mẹ́wàá. Ìrànlọ́wọ́ kékeré, bíi kí a fi àlá han ènìyàn, ọ̀kan. Ohun ńlá, bí òjò, mẹ́ta. Ohun tó máa yí ìlú padà, márùn-ún. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ rẹ̀ á pàdánù ìdajì èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ayò rẹ̀ bá tán, àwọn ènìyàn á gbàgbé rẹ̀ títí ẹnì kan á fi tún pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a kì í ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun náà ṣeé ṣe. Yóò ṣe. À ń jù ú láti mọ ohun tí yóò fà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 5 tàbí 6, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ 3 tàbí 4, ìnira díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ẹnì kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni àìkú kọ̀ọ̀kan ní ìlú tó ń bójú tó, ṣùgbọ́n kálukú tún gbọ́dọ̀ ní ènìyàn lásán kan tó ń gbé nínú ìlú ẹlòmíì. Nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ bá fi ọwọ́ ara wọn yanjú ìṣòro ni ọmọ ayò kan máa ń padà sọ́dọ̀ rẹ. Ibi tí a ti mú un ni òwe tó ní bí kò bá sí ènìyàn, òrìṣà kò sí.

A ò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i tí bàbá ọmọ aládùúgbò fi kàn wá lára lálẹ́ ọjọ́ kan. Mùsùlùmí ni, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé kì í ṣe pé à ń kọ́ àwọn ọmọ láti fi ara wọn wé Ọlọ́run. Ìbéèrè gidi ni, a kò rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà náà bẹ̀rù eré yìí gan-an ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ìwé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fi nọ́ńbà lé àwọn òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà náà lórí, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń sìn wọ́n lónìí. Ohun tí ẹnì kan ń kúnlẹ̀ fún kò yẹ kó di ohun tí ẹlòmíì ń ju dáìsì lé. A jọ fẹnu kò pé a ò ní lo orúkọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ń sìn, ì báà jẹ́ níhìn-ín, ì báà jẹ́ lókè òkun. Àwọn ọmọ á hùmọ̀ orúkọ tiwọn. Ó tún ní kí a fi òfin kan kún un: ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹni àìkú kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ló dá ayé. A kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀dá yẹn náà. Èkejì ná ọmọ ayò mẹ́ta, ó rọ̀jò, ó ju dáìsì. Méjì ló mú wá. A ní, "Òjò rọ̀ ní ìlú rẹ, àgbàdo yọ. Ṣùgbọ́n odò kún, ó ya lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀, ó gbé afárá wọn lọ." Ìlú àbíkẹ́yìn ni ìlú ìsàlẹ̀ yẹn. Ta ló sì ń gbé níbẹ̀? Ènìyàn lásán tí àkọ́bí wa ń ṣe: obìnrin kan tó ń sun àgbàdo tà, tí ọjà rẹ̀ wà lódìkejì odò.

Ilé pa lọ́lọ́. Àkọ́bí wo àbúrò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá. Àwọn ọmọ mi ò tíì jẹun."

Ẹ̀yin tí ẹ bí ju ọmọ kan lọ á mọ ohun tí a gbọ́ níbẹ̀. "Ẹ" ló lò fún àbúrò rẹ̀. Kò lò ó rí. Inú eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì wo ara wa.

Àbíkẹ́yìn kò lè kàn tún afárá náà ṣe, nítorí omi ni wọ́n fi ṣe èèwọ̀ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú odò. Ó ronú pẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jẹ èèwọ̀ náà, ó ka ọmọ ayò rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ fi àlá han àwọn káfíńtà ìlú náà: kí wọ́n gé igi lókè, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn, kí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ tí wọ́n á máa fà láti etí odò kan sí èkejì. Ọmọ ayò kan ló ná. Márùn-ún ló jù. Àwọn káfíńtà fọwọ́ ara wọn ṣe é, ọmọ ayò kan padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin alágbàdo sọdá, ó sì dúpẹ́. Ó ju wákàtí méjì lọ kí eré tó parí, kò sì sẹ́ni tó sunkún.

A kò ní tan yín pé àkọ́bí wa di áńgẹ́lì láti ọjọ́ náà. Ó ṣì ń já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn wà nísàlẹ̀ odò nígbà tí ẹni tó wà lókè ń ṣe bó ṣe wù ú.

Bí a ṣe ń kó ọmọ ayò sínú àpò ni àbíkẹ́yìn béèrè pé, "Dádì, Mọ́mì, kí ni èèwọ̀ tiyín?"

A kò ní ìdáhùn. Nínú ilé yìí, bí a bá ní kí tẹlifíṣọ̀n kú, ó kú. Bí a bá ní ẹnì kan jẹ̀bi, ó jẹ̀bi. A ń rọ̀jò, a ń yọ ọba lóyè, a kì í sì í ju dáìsì láti mọ ẹni tó máa jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a jẹ́ kí àwọn ọmọ yan èèwọ̀ fún wa, gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní ṣe wí. Wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì: "Dádì àti Mọ́mì ò gbọ́dọ̀ dájọ́ tí wọn ò bá tíì gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì."

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí a fi jẹ èèwọ̀ náà, lórí ife kan tó fọ́. Àbíkẹ́yìn kò sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò ayò wá, ó na ọwọ́, ó ń dúró kí a san tiwa.

A san án. A sì tún ẹjọ́ ife náà dá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ yín yan èèwọ̀ fún yín lálẹ́ òní, kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ? Ẹ bi wọ́n, ẹ má bínú sí ìdáhùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.