Kí Ẹnu Mi Tó Sọ Ọ́, Kọ̀ǹpútà Ti Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà. Inú ilé tèmi ní Òṣòdì ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ mi kan kókó líle kan ní ọmú mi òsì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé fóònù, mo wọ orí Google, mo sì ń wádìí ohun tí irú kókó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èrò mi ni pé kí n kọ́kọ́ rí dókítà, kí n má baà kó jìnnìjìnnì bá àwọn ará ilé. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá ọmọbìnrin mi, tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, níwájú kọ̀ǹpútà ilé, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní kú báyìí?"

Àkáǹtì Google kan náà ni mo fi wọ Chrome lórí fóònù mi àti lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò. Ọmọ náà fẹ́ wá ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì. Bí ó ti tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, ìbéèrè mi ti òru ọjọ́sí ni ó yọ síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo gbà kí ẹ̀rọ méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, nígbà tí mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí n kò kà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ̀rọ má bá ẹ̀rọ pín nǹkan o. Ó ń dín wàhálà kù, ó sì ń dín owó dátà kù pẹ̀lú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ilẹ̀kùn tí ó ṣí, kí a sì mọ ẹni tí a ṣí i fún.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Windows gbà kí ènìyàn púpọ̀ lo kọ̀ǹpútà kan, kí kálukú sì ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Inú Settings, lábẹ́ Accounts, ni ẹ ó ti ṣe é. Ká ní mo ti ṣe èyí ni, ọmọ mi kì bá tí pàdé àṣírí mi.

Èkejì ni Nearby sharing. Ní Windows 11, ó wà nínú Settings lábẹ́ System. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ní. Off ti ilẹ̀kùn pátápátá. My devices only mọ sí àwọn ẹ̀rọ tí ẹ fi àkáǹtì yín wọ̀. Everyone nearby dà bí kọ̀ndọ́kítọ̀ abẹ́ afárá Òṣòdì: gbogbo ẹni tí ń kọjá ni ó ń pè. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà yóò béèrè kí ẹ tó gba fáìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè ṣèèṣì. Bí ẹ bá ṣí i nítorí ojúlùmọ̀ kan, ẹ rántí tì í padà.

Ẹ̀kẹta ni Clipboard, lábẹ́ System kan náà. Bí ẹ bá gbà á láyè, ohun tí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan lè jáde lórí òmíràn tí ó ní àkáǹtì yín, ìbáà ṣe nọ́ńbà báńkì.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá lo Wi-Fi ìta, Public network ni kí ẹ yàn, kí kọ̀ǹpútà yín lè fi ara pamọ́ fún àwọn yòókù.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ tó ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí kí ẹ tó fi ta ẹbí lọ́rẹ, ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo Linked devices nínú WhatsApp pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò wọ inú yàrá wa: ó yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe láàárín agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé àwa òbí ni òfin inú ilé.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo dúpẹ́. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ mi fi dá ẹrù náà gbé kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe irọ́ ni mo fẹ́ pa fún un. Mo fẹ́ jókòó tì í, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ fún un ni. Ẹ̀rọ kò lè di ọmọ lọ́wọ́ mú.

Lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ará ilé jọ sídìí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wo ilẹ̀kùn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.